Ìbéèrè tí mo gé kúrò nínú fíìmù

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dá ṣe fíìmù láìsí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi kí n tó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tí àwọn èèyàn kò kà sí. Owó kọ́ ló fà mí. Ẹni tó ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, bí ogójì èèyàn bá dìde pàtẹ́wọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan, á gbà pé òun ti délé.

Ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ tí mo yà, gbọ̀ngàn náà kò kún dé ìdajì. Mo fi lẹ́ǹsì gígùn fún àwọn ará iwájú pọ̀, ó wá dà bí ìgbà tí èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní: "Ta ló máa sanwó gbogbo ohun tí ẹ ń ṣèlérí yìí?" Olórí wa kò rí èsì fọ̀. Ó mu omi, ó wolẹ̀. Mo gé ìbéèrè náà. Mo fi ojú ìyá náà sílẹ̀, mo fi ariwo àtẹ́wọ́ tì í, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ olórí wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ó ti tó bí 100 ọdún tí Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà tó ń ṣe fíìmù, ti fi hàn pé ohun tí wọ́n bá fi tẹ̀lé ojú èèyàn nínú fíìmù ló ń sọ ohun tí ojú náà ń wí. Leni Riefenstahl, obìnrin ará Jámánì tó ń ṣe fíìmù, fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ya ìpàdé ẹgbẹ́ Hitler ní Nuremberg lọ́dún 1934, kò sì yéé sọ pé iṣẹ́ ọnà lásán lòun ṣe títí ó fi kú lọ́dún 2003. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo bínú sí i gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù, bí ọkàn yín bá fà sí ẹgbẹ́ kan, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò gbà pẹ̀lú yín kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà kí ó tó jáde. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ máa hàn: ọmọkùnrin kan pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ torí ọ̀gá rẹ̀ rí i nínú fíìmù ìwọ́de tí mo yà. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ẹ́ kò dá iṣẹ́ náà padà. Ohun tí ẹ bá yà, kí ó wà lọ́wọ́ yín.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dá ìbéèrè ìyá yẹn padà, wọ́n ní ti ẹgbẹ́ ni fíìmù, wọ́n sì ti pa ìyókù rẹ́. Ojú rẹ̀ àti àtẹ́wọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló ṣẹ́ kù.