Gúdúgúdú ni kíláàsì kìíní nílé Àyàn

Ilé-ẹ̀kọ́ orin ti wà ní Ọ̀yọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé pátákó ìkọ̀wé wọ̀lú. Agbo ilé àwọn ọmọ Àyàn, ìdílé onílù, ni. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà ní àwọn ọdún 1830, kò sí bí ààfin ṣe lè wà láìsí onílù tí yóò máa ki ọba, tí yóò sì máa fi ìlù pe orúkọ àwọn tó ti wàjà. Orúkọ ọmọ náà ti fi í sílé-ẹ̀kọ́ látọjọ́ ìkómọ: Àyánwálé, Àyándélé, Àyántúndé.

Wọn kì í gbé ìyáàlù, ìlù ńlá tó ń sọ̀rọ̀, fún ọmọdé. Gúdúgúdú ló fi ń bẹ̀rẹ̀: ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n ń fi bíláálà méjì lù. Ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín ojú rẹ̀ ló ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Kò lè sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, àmọ́ òun ni gbogbo ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé. Bí ọwọ́ ọmọ bá sáré, wọ́n á ṣubú lu ara wọn. Àwọn tó ń gbé gángan lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní ń ṣàṣìṣe.

Ìlù tí wọ́n ń pè ní ìṣáájú àti ìkẹyìn ló kàn. Wọ́n máa ń fi ọ̀já di ọsán wọn, ìyẹn okùn awọ tó yí ìlù ká, níbàdí kí ohùn má baà yẹ̀.

Ìyáàlù ló gbẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún di kọ̀ǹgọ́, igi tí wọ́n fi ń lù ú, mú, tòsì ń fún ọsán. Ẹ dẹ ọsán, dò ni. Ẹ fún un díẹ̀, re. Ẹ fún un dáadáa, mí. Ohùn tó ń gòkè ló le jù. Ẹ wo “Ọ̀yọ́”: ẹ lu dò, ẹ tún un lù nígbà tí ọsán ṣì dẹ̀, kí ẹ wá fún un kí ohùn tó kú. Ẹni tó bá ti fún un kó tó lù, ìlù rẹ̀ ń sọ Yorùbá bí àlejò.

Ìlù kò sì mọ lẹ́tà, ohùn nìkan ló mọ̀. “Ìlù” àti “ọ̀nà”, dò-dò làwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ há oríkì sórí: odidi gbólóhùn tí ará ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni etí wọn ń gbọ́ yé.

Ìtọ́jú náà wà nínú ẹ̀kọ́. Lásìkò òjò, awọ ewúrẹ́ á fa omi, á dẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Oòrùn ni kí ẹ sá a sí. Bí kò bá sí oòrùn, ẹ yá a níná láti òkèèrè. Bó bá sún mọ́ iná jù, awọ á gan, etí rẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ ya.