Ọ̀sẹ̀ tó Tẹ̀lé Ìdíje

Ọjọ́ Ajé, Adó-Èkìtì

Ìdíje parí ní Sátidé. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, eruku ti bo ojú fèrèsé, àtẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ àtẹni tí kò gba nǹkan kan ti padà sílé. Gbogbo ayé ló ń bójú tó eléré júdò, kàrátè àti táíkwọ́ńdò títí di ọjọ́ ìdíje. Tó bá ti parí, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e gan-an ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn máa ń rẹ̀wẹ̀sì jù.

Kò sí awo níbẹ̀. Ó ti pé oṣù méjì tí ara ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí aago ìdánrawò ń pàṣẹ fún oúnjẹ àti oorun, tí ọkàn sì mọ ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ tún wo àìsùn alẹ́ tó ṣáájú ìdíje, ebi tí wọ́n fi pa ara wọn kí wọ́n lè bọ́ sí ìwọ̀n kílò tí wọ́n fẹ́ jà, àti ẹsẹ̀ tàbí ìṣubú tó kan orí. Ẹni tó borí pàápàá lè máa wò bọ̀ọ̀: ohun tó ń lé ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì tíì mọ èyí tó kàn.

Àpò eléré náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó máa ń fọ aṣọ júdò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí aṣọ ọ̀hún wá wà nínú àpò láti Sátidé, tó ṣì tutù, tó ń rùn, tí ìgbànú lọ́ mọ́ ọn: àmì nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má sì fi ṣe ẹjọ́. Kí ó kó o jáde, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù àti ọṣẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó fọwọ́ gbo ọrùn aṣọ àti abíyá dáadáa, kí ó ṣàn án, kí ó sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Omi gbígbóná máa ń sún òwú, apá aṣọ á sì kúrú. Jíìkì ń jẹ okun inú rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tí ojú sì rí èrè rẹ̀, máa ń gbé ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì dìde ju ìwàásù lọ. Lẹ́yìn aṣọ, ó lè tún bàtà ṣe, ó lè gé èékánná. Ẹ má fún un ní iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹni tó wà ní kílò 77 tó já a sí 73 láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó sọ nù. Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, Èkìtì kò sì ní gbà kí ẹni tó ti ìdíje dé fi nǹkan mìíràn panu. Àmọ́ ikùn tó ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí a wá rọ iyán òkìtì sí lálẹ́, kò ní jẹ́ kí olúwa rẹ̀ sùn. Omi ni kó kọ́kọ́ wọlé: lítà kan àti ààbọ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó jáde, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí iyọ̀ àti ṣúgà alápòpọ̀ inú ọ̀rá (ORS) tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn láti pò mọ́ omi, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà tí a rẹ́ lórí, àti ìdajì ṣíbí kan náà iyọ̀, nínú lítà kan omi mímọ́. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ tó pọ̀ jù máa ń fa wàhálà mìíràn. Lẹ́yìn náà ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Iyán lè dúró di ọjọ́ kejì. Ebi àti àìmu omi máa ń mú kí ènìyàn tètè bínú, nítorí náà ẹ má tíì dájọ́ ìwà ẹnikẹ́ni kí ó tó jẹun kánú fún ọjọ́ méjì.

Ibi tó yẹ ká fara balẹ̀ sí jù ni orí. Ọpọlọ lè mì láìjẹ́ pé ènìyàn dákú. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn orí ló kan ẹní tí wọ́n ń jà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e ṣubú, tàbí ẹsẹ̀ ló bá a létí. Ó dìde, ó tẹrí ba, ó parí ìjà rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ ń ni ojú rẹ̀ lára, ó ń gbàgbé nǹkan. Ó ń jágbe mọ́ ìyá rẹ̀, tàbí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìnídìí. Ará ilé á ní ìjákulẹ̀ ló ń dùn ún. Àwọn mìíràn á ní wọ́n ti ta á lọ́fà láti inú ẹgbẹ́ kejì. Ẹ béèrè nípa orí ná.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó sinmi fún wákàtí 24 sí 48: kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánrawò, kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà, kò gbọ́dọ̀ mutí, kí ó sì dín fóònù kù. Ìsinmi kò túmọ̀ sí kí a tì í mọ́ yàrá òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn gan-an máa ń dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì. Ó lè máa rìn yí ká ọgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn tó yá, lẹ́yìn náà sísáré pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ìdánrawò tí òun nìkan ń ṣe. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ kan, ó kéré tán. Bí orí fífọ́ bá le sí i, kí ó padà sí ìpele tó ṣáájú. Dókítà ló máa sọ ìgbà tó lè bá ẹlòmíràn jà. Bí ó bá ń bì lemọ́lemọ́, tí orí ń fọ́ ọ sí i, tí gìrì mú un, tí ó ṣòro láti jí, tàbí tí ẹyinjú dúdú ẹ̀gbẹ́ kan tóbi ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ní kíá. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní tramadol kí orí lè rọlẹ̀. Ó máa ń kun ènìyàn lóorun, àmì ewu á sì fara sin.

Oorun: kí ó máa jí ní aago kan náà, ì báà jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó sùn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti gbohùngbohùn ìṣọ́ òru kò sí lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n òwú létí kì í náni ní nǹkan.

Fún ọkàn tó ń sáré lálẹ́, kí ó jókòó, kí ó fi imú fa èémí fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, kí ó tú u jáde fún mẹ́fà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé eléré ìjà fẹ́ràn àṣejù: á máa fa èémí bí ẹni fẹ́ rì sómi, òòyì á kọ́ ọ, ìka á máa jó o yìnyìn, ẹ̀rù á wá bà á sí i. Mímí tó ti pọ̀ jù ló fà á. Kí ó fà á kékeré, kó sì máa lọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kóòṣì ló kù. "Ṣé dáadáa ni?" kì í ṣe ìbéèrè, ìkíni ni, "A dúpẹ́, sà" sì ni ìdáhùn rẹ̀ níbi gbogbo. Kò sí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ tí yóò fi ẹjọ́ dá àgbà tó kí i lóhùn. Béèrè ohun tó ní ìdáhùn pàtó: "Aago mélòó lo sùn lánàá? Kí lo jẹ láàárọ̀? Ta lo ti bá sọ̀rọ̀ láti Sátidé?" Bí ìdáhùn bá ní aago mẹ́ta òru, tíì lásán, àti "kò sẹ́ni", o ti gbọ́ tó. Béèrè nígbà tí ẹ jọ ń ká ẹní, kì í ṣe lójú ẹgbẹ́.

Ìwé kékeré tí eléré á máa kọ nǹkan sí náà dára: láàárọ̀, kó tó dìde, kí ó fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ó ka bí ó ṣe ń lù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ wákàtí oorun, kí ó fi gbólóhùn kan kún un nípa bí inú rẹ̀ ṣe rí. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fún inú ní máàkì. Gbogbo wọn ló máa ń kọ mẹ́rin nínú márùn-ún kí kóòṣì má baà dà wọ́n láàmú. Bí ìlùkìkì náà bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí oorun sì ń dínkù, ara kò tíì ṣetán.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó wọ́pọ̀. Èyí tó bá wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ dókítà ni. Ilé ìwòsàn ńlá ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó, òmíràn wà ní Ìdó-Èkìtì. Pásítọ̀ lè gbàdúrà, àlùfáà lè ṣe tìrẹ, kò dí dókítà lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má fi ṣe àwàdà, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹnì kan bá a dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe orí rẹ̀, tó ń sùn, tó ń jẹun, ọ̀sẹ̀ kejì ni kí ó padà sórí ẹní. Ogójì ìṣẹ́jú tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́: nína ara, bí a ṣe ń ṣubú, dídi aṣọ mú láìgbé ẹnikẹ́ni. Kóòṣì ni yóò yan ẹni tí yóò bá a ṣe é, kì í ṣe ẹni tó lù ú ní Sátidé.