Ọ̀nà Dára Tán, Ẹni Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn Kò Ríbi Gbà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú pópó ṣe rí ní àdúgbò wa ní Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, kó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ń jáde. Gọ́tà jíjìn tí kò ní ìdérí wà lápá ọ̀tún, àwọn tó ń ta gúgúrú àti ọsàn sì ti pàtẹ sórí ilẹ̀ díẹ̀ tó kù láàárín gọ́tà àti ọ̀dà, nítorí náà orí ọ̀dà gan-an ni àwọn ọmọ ń rìn, ní mẹ́ta-mẹ́ta, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọ̀kadà ń fẹ́ yẹ́ẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tírélà ń tẹ̀ lé ọ̀kadà. Bí ó bá di àkókò kajú, àwọn ọkọ̀ tó ń kó o yóò tún dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn ọmọ a sì máa bẹ̀rẹ̀ ṣa hóró tó bá jábọ́ sójú títì, nítorí owó ni.

Ihò ni a ń sunkún rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kọ́ńkéré ṣe ọ̀nà Ọ̀bájánà, ìlú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, sí Kábà, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 43, gbogbo wa ni a yọ̀, mo sì wà lára àwọn tó yọ̀ jù. Ohun tí a kò rò ni pé ihò wọ̀nyẹn ló ń bá wa dá awakọ̀ lẹ́kun láti ọjọ́ yìí wá. Awakọ̀ tó ti ń sáré bọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í tètè rántí pé òun ti wọ ìlú. Eré tó bá bọ̀ náà ni yóò bá lọ.

Ọmọ àbúrò mi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn ní ilé wa. Ọ̀kadà gbá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tó ń ti ibi tí mo rán an lọ bọ̀, eegun ojúgun rẹ̀ sì dá. Inú bí mi gidigidi, àfìgbà tí ọlọ́kadà náà gbé àpò ọsàn wá sílé láti kí ọmọ náà, tó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò lè gbójú sókè. Ọmọ àdúgbò ni, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọmọ àbúrò mi kò ríbi gbà ju ojú títì lọ, ọlọ́kadà náà kò sì ríbi yà sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú bíbú àwọn awakọ̀ lásán.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti gbìyànjú tiwọn kí n tó dìde. Wọ́n pò sìmẹ́ńtì mọ́ iyanrìn lóru, wọ́n sì mọ bọ́ǹpù méjì sójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kò kùn ún ní ọ̀dà funfun, wọn kò sì fi àmì kankan síwájú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àgbẹ̀ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ti oko bọ̀ lálẹ́ fi ṣubú níbẹ̀, tí iṣu rẹ̀ fọ́n ká. Èrò mi, tí mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ wọn nínú, ni pé bọ́ǹpù tí ènìyàn kò lè rí lókùnkùn kò yàtọ̀ sí pàkúté, àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí a ní a fẹ́ gbà là ló sì máa ń mú.

Nígbà tí a pe ìpàdé àdúgbò, mo mú okùn lọ dípò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí a bá ka ìṣẹ́jú-àáyá kan fún awakọ̀ kó tó tẹ bíréèkì, lórí títì tó gbẹ, ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan yóò lo bíi mítà 13 kó tó dúró. Èyí tó ń sá 50 yóò lo bíi mítà 27. A na okùn ní gígùn méjèèjì láti ìsọ̀ télọ̀, tí a fi ṣe ibi tí awakọ̀ ti rí ọmọ. Okùn àkọ́kọ́ parí níwájú ìyá alákàrà, èkejì lọ títí dé ìdí máńgòrò. Ẹnubodè ilé-ìwé wà láàárín méjèèjì. Ọlọ́kadà kan fẹsẹ̀ tọ okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wá bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ dára ni ẹ fi wọ̀n ọ́n?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Tèmi kò dára.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, fi kìlómítà 50 ṣe òpin eré fún ọkọ̀ kékeré nínú ìlú, tírélà kò sì gbọdọ̀ kọjá 45. Èyí pọ̀ jù fún iwájú ilé-ìwé. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn mínísítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò ní Stockholm pé 30 ló yẹ níbi tí ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ bá ti ń pàdé déédéé.

Bàbá kan dìde pé ohun òyìnbó nìyẹn, pé a bí wọn mọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ dá bàbá náà lóhùn pé ní ilẹ̀ Netherlands, tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpèjúwe kẹ̀kẹ́ lónìí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn tí ọkọ̀ pa ní ọdún 1971 nìkan, ọmọdé sì lé ní 400 nínú wọn. Àwọn òbí ló tú sígboro, wọ́n dí títì, wọ́n ń pariwo pé kí pípa ọmọdé dáwọ́ dúró, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Bàbá náà mi orí, wọ́n ní àwọn náà gun kẹ̀kẹ́ Raleigh lọ sóko fún ogún ọdún, kò sí ẹni tó fọn fèrè lé àwọn lẹ́yìn nígbà náà.

Lẹ́tà tí a kọ sí ìjọba ti rìn jù wá lọ. Ọ́fíìsì tí a kọ́kọ́ mú un lọ ní títì náà kì í ṣe tàwọn, èkejì ní kí a padà sí ti àkọ́kọ́. A ń bẹ̀bẹ̀ fún bọ́ǹpù tí a kùn, ìlà funfun tí àwọn ọmọ yóò máa gbà sọdá, àti pátákó tí yóò sọ iye eré tí a fọwọ́ sí. Gọ́tà, ní tirẹ̀, kò nílò lẹ́tà. A ti ń da kọ́ńkéré pẹlẹbẹ bò ó fúnra wa kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ibi rìn, ó sì ti gùn láti ẹnubodè ilé-ìwé dé ìsọ̀ télọ̀. Ibẹ̀ ni sìmẹ́ńtì tán sí. Tírélà sìmẹ́ńtì ń kọjá lójú wa láti àárọ̀ dalẹ́, àpò mẹ́fà péré ni a ń dáwó kiri! A ti rí mẹ́rin. Ní àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó tún dà á, kí ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì mú un dání.