Ìrànlọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè níbi iṣẹ́

Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wo ara wọn bí ọmọ ìyá, ìrànlọ́wọ́ kì í wọ́n. Ẹni tó máa la ẹnu béèrè fún un ló wọ́n. Kálukú mọ̀ pé ẹrù tí òun bá sọ̀, orí ẹlòmíì ni yóò bọ́ sí, ló bá ń mú un mọ́ra títí ara á fi kọ̀.

Shelley Taylor, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007. Kí àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò tó ṣe iṣẹ́ tó ń kó àyà sókè, àwọn kan kọ lẹ́tà láti tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ èèyàn wọn. Àwọn mìíràn kàn kọ̀wé nípa ẹgbẹ́ tó sún mọ́ wọn. Wọ́n wá yẹ itọ́ wọn wò fún kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà wàhálà. Ní ti àwọn tí ìran wọn wá láti Éṣíà, kọ́tísọ́ọ̀lù àwọn tó tọrọ ìrànlọ́wọ́ pọ̀ ju ti àwọn tó kàn ronú nípa ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù ni bíbéèrè ṣe láǹfààní.

Ìdí nìyẹn tí "Ṣé o nílò ìrànlọ́wọ́?" fi ń já sófo. "Rárá o, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí" ni èsì rẹ̀. Ẹ kúkú dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni náà: "Èmi ni màá ṣe ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí, fún mi ní fáìlì rẹ̀ kí aago méjì tó lù." Ìsinmi náà fẹ́ ètò. Kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ orúkọ adelé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí adelé ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan lójú ẹni tó ni ín, kó sì ní kọ́kọ́rọ́ àti páswọ́ọ̀dù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, fóònù á wá máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Ká má tan ara wa, àìfẹ́ já ẹgbẹ́ sílẹ̀ yìí náà ń pa èèyàn. Ní Jàpáàn, ikú àṣejù iṣẹ́ pọ̀ débi pé wọ́n ṣòfin láti dènà rẹ̀ lọ́dún 2014. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019, gbèdéke àfikún àkókò iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá di wákàtí 45 lóṣù àti 360 lọ́dún, àfi bí ọ̀ràn pàtàkì bá délẹ̀. Síbẹ̀, òfin kò lè gbé èèyàn dìde bí ọ̀gá bá ṣì jókòó. Kí ọ̀gá kọ́kọ́ lọ sílé, kó sì lọ lójú gbogbo wọn.

Owó tí a ń dá fún ẹni tó ṣòfò tàbí tó bímọ dára púpọ̀. Ìwé tó gbé orúkọ pẹ̀lú iye owó ló ń bà á jẹ́: ẹni tí kò ní á lọ yá a. Ẹ máa yọ ọ́ lóṣooṣù níwọ̀n owó oṣù kálukú, kí iye tí a ó fún ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí sì ti wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó ń gba owó náà kiri ń ṣiṣẹ́ ni o, ọrùn àwọn obìnrin àti àwọn tó kéré jù ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù títí yóò fi gbé e sílẹ̀.