Egungun Nínú Ẹran Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi wà lórí ẹ̀rọ tí ń bá a mí lẹ́yìn tí ó fi orí ṣèṣe nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ọpẹ́ ni a sì ń dá pé ó jí, kí a tó ṣàkíyèsí pé ẹnu rẹ̀ kò fẹ́ ṣí mọ́. Ìka mẹ́ta ni àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le sábà máa ń lè tò sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ní tirẹ̀, orí ìka kékeré kan ṣoṣo ni ó gbà, ògì ni ó sì ń fi sítírọ́ọ̀ fà mu. Àwọn kan nínú ẹbí ní iṣẹ́ ayé ni. Èmi kò dá wọn lóhùn.

Àwòrán inú orí tí wọ́n fi ẹ̀rọ CT yà ni ó là wá lójú: egungun tuntun ti hù sínú iṣan tí a fi ń jẹun. Dókítà ṣàlàyé pé bí ọpọlọ bá fara pa, tí ara sì wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú iṣan lè ṣìnà kí wọ́n máa mọ egungun. Ìbàdí, orúnkún àti ìgunpá ni ó sábà máa ń mú. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣọ̀wọ́n.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé e kúrò, ṣùgbọ́n nítorí pé ó lè tún hù, ojoojúmọ́ ni ó ń to igi pẹlẹbẹ léra wọn láti fi la ẹnu, tòun ti omijé. Lánàá, ìka méjì wọlé, ó sì ní kí n dín dòdò.