Ẹ buwọ́ lu ìwé ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn: ohun tí ojú mi rí létíkun Perth

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí ọkọ mi ti kúrò nílé ìwòsàn, síbẹ̀ bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń da omi nù, àyà mi ṣì ń já. Mo ní kí n kọ ọ́ báyìí tó ṣì ń dùn mí, torí tó bá di ọdún tó ń bọ̀, mo lè ti máa sọ ọ́ bí ìtàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Perth ní Ọsirélíà níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Melbourne àti Adelaide, ẹ̀yin tí físà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tẹ́ ẹ ń wá ẹni tó máa ra mọ́tò yín n'Íbàdàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 2022 la gúnlẹ̀ síbí, èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjì. Gbogbo ohun táwọn èèyàn kìlọ̀ fún wa la múra sílẹ̀ fún. Wọ́n ní oṣù kẹfà lòtútù máa ń mú lọ́hùn-ún, a ra súwẹ́tà òkìríkà. Wọ́n ní ká má fi oúnjẹ kankan pamọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, a kọ ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ sínú káàdì tí wọ́n há fún wa nínú bàálù. Wọ́n gba pọ̀nmọ́ náà, àmọ́ wọn ò bu owó ìtanràn lé wa, torí ẹni tó bá pa á mọ́ ni wọ́n ń bu owó lé. Wọ́n ní ejò pọ̀ ní Ọsirélíà, aláǹtakùn pọ̀. Títí dòní ni ọkọ mi ń gbọn bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Ti omi ni ẹnì kankan ò sọ.

Bẹ́ẹ̀ etí òkun nìlú yìí wà. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Wọ́n á kó wọn lọ sí púùlù nínú ọdún. Ìjọba ló ń san owó olùkọ́, owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé nìkan lòbí ń san. Ìwé tí òbí máa ń buwọ́ lù kí ọmọ tó lè lọ wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀fìnkìn ń ṣe àwọn ọmọ.

Ẹ má tíì bú mi. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún èyí àbúrò nínú wọn, wákàtí mẹ́rin ni mo fi dì í lẹ́yìn tí mo ti ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé. Owó náà, a ṣì ń kà á ní dọ́là kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn. Àti pé ọmọ Ìbàdàn ni mí. Màmá mi fojú ara rẹ̀ rí ohun tí odò Ògùnpa ṣe lóṣù kẹjọ ọdún 1980, wọn ò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á ti ka orí wa nínú ilé pé. Omi kì í ṣe ohun tí ọmọ ń bá ṣeré nílé wa. Ọgbọ́n tó dáàbò bò wá n'Íbàdàn ni mo gbé wá síbi tí kò ti wúlò.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni, nínú oṣù kìn-ín-ní, oòrùn ń jó bí iná. Àwa àti ìdílé Ìjẹ̀bú kan jọ lọ sí etíkun Scarborough. A gbé kúlà méjì dání, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ díndín, sóbò. Àárín àsíá pupa-àti-yẹ́lò méjì tí wọ́n rì mọ́ iyanrìn kún fún èèyàn bí ọjà Bódìjà. A ní ariwo ibẹ̀ pọ̀ jù. A rìn jìnnà, a rí ibì kan tí kò séèyàn, tí ìgbì ń fọ́ lọ́tùn-ún, tó ń fọ́ lósì, àmọ́ tí omi àárín dákẹ́. Ó dúdú díẹ̀, kò ní ìfófò. Èmi gan-an ni mo sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jókòó síbí, omi ibí ò le."

Omi ò tó orúnkún àkọ́bí mi. Mò ń wò ó. Mo tẹrí ba ṣí kúlà, mo mú adìyẹ fún àbúrò rẹ̀, mo gbójú sókè, omi ti mu ọmọ dé àyà. Kò rìn lọ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ sọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ni omi fi ń wọ́ ọ lọ. Kò pariwo. Èmi ti rò pé ẹni tó bá ń rì máa ń pariwo. Ó kàn la ẹnu, ó ń wò mí.

Bàbá wọn ti kó sómi kí n tó dìde, tòun ti ṣòkòtò gígùn, tòun ti fóònù lápò. Kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbá ní Mọ́kọ́lá nígbà èwe rẹ̀, ta ló ní púùlù? Ó bá ọmọ, ó gbé e lé èjìká, omi sì ń wọ́ àwọn méjèèjì lọ. Ó kọjú sí wa, ó ń fi gbogbo agbára bá omi jà kó lè padà. Mò ń rí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá mi ò rí ọwọ́ mọ́, ọmọ nìkan ni mò ń rí láti àyà sókè, bí ẹni tó jókòó sórí omi. Mo mọ ohun tó jókòó lé.

Mo ké orúkọ tí mi ò pè é rí. Dádì ni mo máa ń pè é, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é. Lọ́jọ́ náà, "Àjàní o! Àjàní!" ni mò ń ké, oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é. Mo sá wọ omi dé itan, ìyá àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn di aṣọ mi mú látẹ̀yìn, aṣọ ya. Ọmọ mi obìnrin dúró lórí iyanrìn, itan adìyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́, kò jù ú nù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà lórí pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fa ọmọ sórí pátákó. Nígbà tó máa fi yíjú padà, bàbá rẹ̀ ò sí lókè omi mọ́. Mi ò lè sọ iye ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń ṣọ́ etíkun, àwọn tó ń dé fìlà pupa àti yẹ́lò, gbé ọkọ̀ onírọ́bà wọn dé, wọ́n fà á jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn. Ojú rẹ̀ ti rí bí eérú. Wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀. Màmá òyìnbó kan tí mi ò mọ̀ rí fi táwẹ̀lì wọn bò mí, wọ́n di orí mi mọ́ àyà wọn kí n má baà wò. Mo yọ orí mi, mo wò. Omi jáde lẹ́nu rẹ̀, ìrẹsì jáde, lẹ́yìn náà, ikọ́. Kò sóhun tó dùn ún gbọ́ létí mi rí tó ikọ́ yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì bi mí lórúkọ rẹ̀. Àjàní ni mo sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nílé ìwòsàn. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ò fara pa rárá. A dúpẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí. Omi tó dákẹ́ láàárín ìgbì ni kẹ́ ẹ sá fún. Nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó yọ wọ́n, ọ̀kan nínú wọn fi ìka ya àwòrán rẹ̀ sórí iyanrìn fún mi. Gbogbo omi tí ìgbì ń dà sí èbúté gbọ́dọ̀ padà, ibi tó jìn ló sì ń gbà padà. Ìdí nìyẹn tí ìgbì kì í fi í fọ́ níbẹ̀. Rip ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà. Kó jẹ́ kí omi gbé òun, kó na ọwọ́ sókè, kó máa mí. Tó bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kó gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kó má dojú kọ èbúté tààrà. Òdìkejì rẹ̀ ni ọkọ mi ṣe, ọmọ rẹ̀ ló sì ń ṣe é fún.

Ó wá bi mí pé kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ní kúlà. Ó ní kúlà máa ń léfòó, pé ohun tó bá ṣáà ti lè léfòó la máa jù sí ẹni tó ń rì, ká sì tẹ 000, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, ká má kó sínú omi lọ́wọ́ òfo. Kúlà méjì ló wà níbẹ̀. Lójú oorun, mò ń ju kúlà sómi.

Bẹ́ ẹ bá lọ sétíkun, àárín àsíá méjèèjì ni kẹ́ ẹ dúró, bí èèyàn bá tilẹ̀ ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Torí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣọ́ etíkun ti ń wo omi ni èèyàn ṣe pọ̀ síbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí àsíá, ẹ jẹ ìrẹsì yín lórí iyanrìn, kẹ́ ẹ padà sílé.

Ẹ ra ìbánigbófò (insurance) áńbúláǹsì pẹ̀lú. Medicare, ètò ìlera ìjọba, ò san án. Ìwé owó tiwa dé kí ikọ́ ọkọ mi tó lọ. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Queensland kì í san án, àmọ́ níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá gbé ló ń san án.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ayé ló tẹ̀ lé wa láti ilé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà, èmi náà ń gbà á, mo sì mọ ẹni tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wá sílé mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo kọ ọ̀fìnkìn sínú rẹ̀. Bí ọmọ mi bá ti lọ, á ti mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn lé omi kí omi gbé èèyàn, kí bàbá rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ buwọ́ lu ìwé yẹn. Ẹ̀yin ìyá, mo mọ ọ̀rọ̀ irun. Ẹ di kolẹ́sẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ ra fìlà púùlù tó fẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo gbogbo ara wà, àwọn púùlù kan sì máa ń ya àkókò sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan. Bí ọmọ bá pàdánù ti ilé ẹ̀kọ́, VacSwim, ètò ìkọ́ni ní ìlúwẹ̀ẹ́ fọ́mọdé, wà nígbà họlidé.

Mi ò tíì sọ fún màmá mi. Bí wọ́n bá pè, wákàtí méje la fi ṣáájú wọn, mo máa ń sọ pé a ti fẹ́ sùn. Wọn ò mọ̀ pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń bọ́ sínú omi tó dé mi lọ́rùn. Àgbàlagbà la jẹ́ nínú kíláàsì náà, ọ̀pọ̀ wa ló ti òkè òkun wá. Olùkọ́ ní ká di etí púùlù mú, ká ki ojú bọ omi, ká máa kà. Èdè wa ni mo fi ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò ka èjì tán. Lánàá mo ka dé ẹ̀jọ.