Ohun Tí Tíkẹ́ẹ̀tì Ọ̀pọ̀ Kọ́ Mi Láti Ìkòròdú dé Houston

Ní 2018, nígbà tí ọmọ mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ ní Houston, mo sùn mọ́jú lórí àga irin ní pápákọ̀ òfurufú kan ní Yúróòpù. Àpò ìfàlọ́wọ́ mi ni mo fi ṣe ìrọ̀rí. Ẹrù mi wà nínú ilé kan náà, ṣùgbọ́n n kò lè lọ gbé e. 85,000 náírà tí mo rò pé mo jèrè ló fa gbogbo rẹ̀.

Ajẹ́ǹtì kan ní Sábó, níbí ní Ìkòròdú, ló bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Iye tó dá lé e ló kéré jù nínú gbogbo àwọn tí mo bi, mo sì ṣàdúrà fún un. N kò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló so pọ̀: ilé iṣẹ́ kan yóò gbé mi láti Èkó dé Yúróòpù, òmíràn tí kò bá a da nǹkan kan pọ̀ yóò gbé mi láti ibẹ̀ dé Houston. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ méjì wà lórí ìwé, mo rí i, mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó gbéra ní Ìkẹjà. Nígbà tí a fi máa balẹ̀, èkejì ti lọ. Àwọn tó ni èkejì ní mi ò yọjú lásìkò, tíkẹ́ẹ̀tì mi ti jóná. Àwọn àkọ́kọ́ ní àwọn ti gbé mi dé ibi tí mo sanwó fún.

Ti ẹrù ló le jù. Nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni, ibẹ̀ ni ẹrù mi bọ́ sílẹ̀ sí, èmi fúnra mi ni kí n lọ gbé e, kí n tún lọ fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kejì. Láti dé ibi tí ẹrù ń yí, ènìyàn gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, físà Schengen, ìyẹn físà àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kò sì sí lọ́wọ́ mi. Àwa ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà bó bá ṣe pé a kàn fẹ́ wọ bàálù mìíràn nínú pápákọ̀ wọn. Físà Amẹ́ríkà tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi ló yọ mí nínú ìyẹn, àmọ́ agbára rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀. Ọmọ mi, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bímọ, ló jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń fi káàdì rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún mi ní dọ́là 780. "Màámi, ẹ má sunkún mọ́," ló ń wí lórí fóònù, òun náà sì ń sunkún. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èlùbọ́ àti aṣọ ọmọ tí mo kó dání tó dé bá mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, kí ẹ sì béèrè ìlú tí ẹrù yín yóò bọ́ sílẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, ilé iṣẹ́ bàálù náà ni yóò wá òmíràn fún yín. Bí ilé iṣẹ́ náà bá tún jẹ́ ti Yúróòpù, tó sì jẹ́ pé Yúróòpù gan-an ni ẹ ń lọ láti Èkó, kì í ṣe pé ẹ kàn gba ibẹ̀ lọ Amẹ́ríkà, òfin wọn kan wà, nọ́ńbà 261 ti ọdún 2004: bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ débẹ̀, ẹ lè gba yúrò 600, àfi bó bá jẹ́ ohun tó kọjá agbára wọn, bí ojú ọjọ́ tí kò dára.

Nígbà tí mo tún lọ ní 2022, Delta ni mo wọ̀, tó gbéra ní Èkó tó balẹ̀ sí Atlanta láì yà síbì kankan. United náà ń ti Èkó lọ Washington nígbà náà. Ó tó wákàtí méjìlá lórí afẹ́fẹ́, ó sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìsinmi ọkàn tó bá a wá pọ̀. Ẹ kàn rántí pé ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ ó ti gbé ẹrù yín kọjá lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tó tún fà á lé wọn lọ́wọ́. Àlàfo wákàtí kan ààbọ̀ láàárín bàálù méjì kò tó fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Wákàtí mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sáàárín. Ẹni tó bá gba Frankfurt tàbí Amsterdam dé Houston, ní Houston gan-an ni yóò ti gbé ẹrù rẹ̀, ìyẹn sì tù mí lára nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn tó ń gba Doha tàbí Dubai, ẹ wo àwòrán ayé dáadáa. Ìlà oòrùn ni ẹ kọ́kọ́ ń lọ kí ẹ tó yí padà sí ìwọ̀ oòrùn, bí ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ Ṣàgámù tó lọ gba Ẹ̀pẹ́.

Ní ti àga, orúkọ ilé iṣẹ́ kọ́ ni mo ń wò mọ́. Ní ọ̀pọ̀ wọn, láti ẹ̀yìn àga kan dé ẹ̀yìn èyí tó wà níwájú rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ínṣì 31 lọ. Irú bàálù ni mò ń béèrè. Nínú Airbus A330, àga méjì ló sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mẹ́rin ní àárín, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo sì máa ń mú nínú méjì yẹn, kí n lè dìde rìn láì jí ẹnikẹ́ni. Boeing 787 jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́ta, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bí ti orí òkè ẹsẹ̀ bàtà 6,000, nígbà tí ti àwọn bàálù àtijọ́ lè tó 8,000. Ara mi mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ mi kì í wú tó bẹ́ẹ̀, bí mo bá ń mu omi tí mo sì ń rìn ní wákàtí méjì-méjì.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ẹrù dáadáa. Kílò 23 lọ́nà méjì ló wọ́pọ̀ láti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìpele tí owó rẹ̀ kéré jù lè jẹ́ ẹyọ kan, tàbí kó má sí rárá. Kílíṣí àti pọ̀mọ́, ẹ fi sílẹ̀ nílé, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé.

Wákàtí tí bàálù ń gbéra náà lówó lórí. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti Ìgbógbo tàbí Ìjẹ̀dẹ̀ kò lè gbójú lé ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ tòmátì ní Mile 12 kì í dúró de ojúmọ́ kí wọ́n tó dí ọ̀nà pa. Ilé àbúrò mi ní Maryland, níbí ní Èkó, ni mo máa ń sùn. Ẹni tí kò bá ní àbúrò níbẹ̀, kó ro owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan mọ́ iye tíkẹ́ẹ̀tì kó tó sọ pé èyí ni ọ̀pọ̀.

Bí ẹ bá ń bá ajẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ báyìí, ẹ ní kó fi ìwé ìrìn náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹ bá rí méjì, ẹ pè é padà kíá.